Ọkùnrin tí ó pọn ẹ̀rọ fò

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni a ó kà lónìí. Kì í ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo, kì í sì ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀rọ tí ènìyàn ń pọ̀n sẹ́yìn bí ìyá ti ń pọn ọmọ ni, tí yóò sì gbé e kúrò nílẹ̀ lọ sí òkè. Àwọn òyìnbó ń pè é ní jetpack. Àwa yóò máa pè é ní ẹ̀rọ àpọ̀nfò nínú ìwé yìí, kí ó lè rọrùn láti kà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì alẹ́ wa, mo fi àwòrán kan han àwọn tí ó wà níbẹ̀. Bàbá àgbà kan tí ó jókòó níwájú wo àwòrán náà títí. Ó ní: "Ọmọ mi, egbé ni èyí. Àwọn baba wa ní in." Ìyá kan tí ó ń ta àkàsà béèrè pé: "Olùkọ́, ohun tí ó ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ yìí, ṣé kò ní jó o nítan?" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń wa zemijan kò bìkítà fún egbé, kò bìkítà fún iná. Ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni pé: "Èló ni wọ́n ń tà á? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń darí rẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí sọ ni àwọn ènìyàn ti ń sọ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Faransé láti ọdún 1961 wá. Níbikíbi tí ẹ̀rọ yìí bá ti fò, ẹnu á ya àwọn kan, ẹ̀rù á ba àwọn kan, àwọn kan á sì béèrè pé kí ni ó wúlò fún. Ẹ jẹ́ kí a mú un díẹ̀díẹ̀.

Ẹ ti rí róbà tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ní ọjọ́ ọdún. Bí ọmọ bá fẹ́ ẹ tí ó wú, tí kò sì so ó lẹ́nu, tí ó wá jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Afẹ́fẹ́ yóò tú jáde ní ẹnu róbà, róbà náà yóò sì sáré lọ sí òdìkejì. Afẹ́fẹ́ gba ẹ̀yìn, róbà gba iwájú. Bí a bá kọ ẹnu rẹ̀ sí ilẹ̀, róbà yóò gòkè. Àṣírí ẹ̀rọ náà nìyẹn. Kò sí egbé níbẹ̀. Ohun kan ń tú jáde sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú agbára, ẹni tí ó pọ̀n ọ́n sì ń lọ sókè.

Ṣùgbọ́n ẹ tún rántí bí róbà náà ṣe ń sáré. Ó ń já sí ọ̀tún, ó ń já sí òsì, ó ń pòòyì, lẹ́yìn náà ó lu ògiri. Kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí yóò bọ́ sí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Gbígbé ènìyàn kúrò nílẹ̀ kò le tó dídarí rẹ̀ lókè, àti sísọ ọ́ kalẹ̀ kí eegun rẹ̀ má baà ṣẹ́.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Wendell Moore, ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní ilé-iṣẹ́ Bell, lẹ́bàá ìlú Buffalo. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni ó san owó iṣẹ́ náà. Ohun tí ó rọ sínú àgbá ẹ̀rọ náà kì í ṣe ẹ̀sáńsì. Omi kan ni, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí omi tí nọ́ọ̀sì máa ń dà sí ojú egbò, tí ó ń hó, tí ó ń yọ ìfófòó funfun. Àwọn Faransé ń pè é ní eau oxygénée. Nínú èyí tí nọ́ọ̀sì ń lò, omi lásán ni ó pọ̀ jù. Ti Moore le jù bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà. Bí ó bá kan ara, yóò bó o. Bí ó bá ti gba inú àwọ̀n fàdákà kọjá, yóò di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, bí ooru tí ń ti abẹ́ ọmọrí ìkòkò jáde. Omi tí ó ń hó lórí iná wa, ìwọ̀n gbígbóná rẹ̀ jẹ́ 100. Ooru ti Moore ju 700 lọ. Yóò gba inú páìpù méjì tú jáde sí ìsàlẹ̀, ọ̀kan ní ẹ̀yìn èjìká ọ̀tún, ọ̀kan ní ẹ̀yìn èjìká òsì.

Nítorí náà, ìyá aláàkàsà wa, kì í ṣe iná ni ó ń tú jáde níbẹ̀, ooru omi ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín dára, nítorí ooru omi náà ń bó ènìyàn. Aṣọ tí ooru kò lè tètè wọ̀ ni wọ́n fi wọ ẹni tí ó ń fò.

Ní oṣù kejì ọdún 1961, Moore fúnra rẹ̀ ni ó pọn ẹ̀rọ náà. Wọ́n fi okùn so ó kí ó má baà já bọ́. Okùn já. Moore ṣubú láti ibi tí kò tó mítà mẹ́ta, eegun orúnkún rẹ̀ sì fọ́. Kò fò mọ́ láti ọjọ́ náà. Harold Graham ni ó gba ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, Graham fò láìsí okùn lára rẹ̀. Ó lọ nǹkan bí mítà 34 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 13. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n pe Kennedy, tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, wá wò ó ní ibùdó ológun Fort Bragg. Graham fò kọjá lórí omi, ó balẹ̀ níwájú ààrẹ, ó sì kí i bí ọmọ ogun ti ń kí ọ̀gá rẹ̀.

Ẹnu ya gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n àwọn ológun tí ó san owó kò pariwo bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo aago. Ìṣẹ́jú-àáyá 60 ni ó ń jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ yìí kò lè dúró lókè ju ìṣẹ́jú-àáyá 21 lọ. Ẹ jẹ́ kí a kà á pọ̀, láìyára: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, títí dé oókànlélógún. Ó ti tán. Bí ẹni náà kò bá tí ì dé ilẹ̀ nígbà náà, ilẹ̀ yóò wá pàdé rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè gbọ́ ìkìlọ̀ kankan. Wọ́n fi ohun kékeré kan sínú àṣíborí rẹ̀, tí yóò máa gbọ̀n lára orí rẹ̀ láti sọ fún un pé àkókò ti ń lọ. Àwọn ológun rò ó, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Báwo ni ó ṣe ń darí rẹ̀? Apá irin méjì wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí wọn. Èyí tí ó wà lọ́tùn-ún, ó ń yí i bí ẹ ti ń yí ọwọ́ alùpùpù: bí ó bá yí i, ooru á pọ̀, òun á gòkè, bí ó bá dá a padà, ooru á dín, òun á sọ̀kalẹ̀. Èyí tí ó wà lósì ń yí ojú rẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ìyókù, ara rẹ̀ ni. Bí ó bá tẹ̀ síwájú, yóò lọ síwájú. Bí ó bá fà sẹ́yìn, yóò dúró. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ru omi láti odò mọ èyí jù mí lọ. Nígbà tí omi bá mì nínú garawa lórí yín, ọrùn àti ìbàdí yín ti dá a lóhùn kí ẹ tó rò ó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tí ó ń fò. Bí ó bá dúró láti rò ó, ó ti pẹ́ jù.

Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jùlọ nígbà náà ni Bill Suitor, tí ó fò ju ìgbà 1,000 lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 1984, níbi ìbẹ̀rẹ̀ eré Òlíńpíìkì ní Los Angeles, ó fò wọ inú pápá níṣojú ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Àwọn tí ó wà nílé sì ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n káàkiri ayé. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó rí i ló rò pé kò ní pẹ́ tí oníkálukú yóò fi máa pọn tirẹ̀ lọ sí ọjà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń béèrè pé: "Tiwa dà?"

Ìbéèrè yìí ni ó kó wàhálà bá ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Glenn Martin, ará New Zealand. Láti ọdún 1981 ni ó ti ń ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2008 ó gbé e wá sí Oshkosh, ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ òfúrufú máa ń péjọ lọ́dọọdún. Èrò pọ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ni ó wọ inú ẹ̀rọ náà. Ó gbéra sókè nǹkan bí mítà kan. Àwọn ọkùnrin méjì dúró tì í, wọ́n dì í mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 45, ó sọ̀kalẹ̀.

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn mìíràn ṣe ẹnu ṣùúrù. Wọ́n ní: ṣé èyí ni a ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá? Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ga tó mítà kan àbọ̀, ó wúwo ju kílò 100 lọ, ta ni ó fẹ́ pọ̀n ọ́n? Òótọ́ ni, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà fi ń dúró, ènìyàn ni ó ń wọ inú rẹ̀. Wọ́n tún ní kì í ṣe jet rárá, nítorí abẹ̀bẹ̀ ńlá méjì tí ń yí nínú agbada roboto ni ó ń gbé e, ẹ̀sáńsì ni ó sì ń mu. Èyí pẹ̀lú òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nítorí abẹ̀bẹ̀ náà ni Martin ṣe lè sọ pé ẹ̀rọ òun yóò tó ìdajì wákàtí lókè, dípò ìṣẹ́jú-àáyá 21.

Èyí tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà jù ni ti àwọn méjì tí ó di ẹ̀rọ mú. Níbẹ̀ èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́, ó di ìjókòó mú lẹ́yìn, ó ń sáré tẹ̀ lé mi, èmi kò sì rí ẹni tí ó fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ọwọ́ méjì ni ọmọ náà ń lò: ọ̀kan ń mú ẹ̀rọ tẹ̀ síwájú, sẹ́yìn àti sí ẹ̀gbẹ́, ìkejì ń yí ojú rẹ̀ ó sì ń fún un lágbára. Bí ọwọ́ kan bá ṣàṣìṣe, ìkejì ni yóò tún un ṣe, kíákíá. Ní kẹ̀kẹ́, bí o bá ṣàṣìṣe, wàá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Lókè, kò sí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ yóò kàn.

Martin fi agbòòrùn aṣọ sí ẹ̀rọ rẹ̀, irú èyí tí àwọn ológun fi ń já bọ́ láti inú ọkọ̀ òfúrufú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, wọ́n fi ère ènìyàn sínú rẹ̀, wọ́n darí rẹ̀ láti ilẹ̀ gòkè tó mítà 1,500, agbòòrùn náà sì gbé e sọ̀kalẹ̀. Síbẹ̀, owó tán, ìgbà sì ń lọ. Martin kúrò níbẹ̀ ní 2015, ilé-iṣẹ́ náà sì kógbá wọlé ní 2019.

Ọdún 2019 kan náà ni ẹ̀rọ mìíràn dé, ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ti ṣe ológun Faransé rí mọ ọjọ́ 14 oṣù keje, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun ń yan ní Paris. Ní ọjọ́ náà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Franky Zapata fò kọjá lórí wọn níṣojú Ààrẹ Macron, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pọn ẹ̀rọ; ó dúró lé e lórí. Ẹ̀rọ kéékèèké wà lábẹ́ pẹpẹ tí ó fi ẹsẹ̀ lé. Epo ni ó pọ̀n sẹ́yìn, irú epo tí ọkọ̀ òfúrufú ń jó, ọmọ ìyá epo àtùpà wa ni. Àwọn èrò hó yèè. Àwọn mìíràn ní: ẹni tí ó ń pariwo bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀run, tí kò ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí, ṣé ọ̀tá kò ní yìnbọn lù ú bí ẹyẹ?

Ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà, ó fẹ́ fò láti Faransé lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí òkun. Ọjọ́ náà pé ọdún 110 tí Louis Blériot ti fi ọkọ̀ òfúrufú kọjá níbẹ̀. Nítorí pé epo kò ní tó, ọkọ̀ omi kan dúró dè é lágbede-méjì, kí ó balẹ̀ sórí rẹ̀, kí ó pààrọ̀ epo. Ó fò dáadáa títí ó fi dé ibẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ balẹ̀, ìgbì mi ọkọ̀, ó kọ ẹsẹ̀ mọ́ ibi ìbalẹ̀, ó sì bọ́ sínú omi. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, ó tún gbìyànjú. Ó gbéra ní Sangatte, ó balẹ̀ sórí ọkọ̀, ó pààrọ̀ epo, ó sì sọ̀kalẹ̀ lẹ́bàá Dover lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 22. Ọ̀nà náà tó kìlómítà 35.

Ẹ ó rí i pé ìdarí ti yàtọ̀ sí ti Graham. Ohun kékeré kan wà lọ́wọ́ Zapata tí ó ń tẹ̀ láti fi kún agbára tàbí láti dín in. Ẹsẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀ ni ó fi ń yà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kéékèèké wà nínú pẹpẹ náà. Bí ó bá fẹ́ dojú dé, kọ̀ǹpútà yóò fi kún agbára ẹ̀rọ tí ó wà ní apá ibẹ̀, kí ó tó mọ̀. Bí ẹni pé ẹnìkan di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ìyẹn náà kò mú ewu kúrò pátápátá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Zapata ń fò níwájú èrò ní Biscarrosse, ó sì já bọ́ láti nǹkan bí mítà 15. Adágún omi ni ó bọ́ sí. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò kú.

Àwọn awakọ̀ òfúrufú pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2020, awakọ̀ kan tí ó ń mú èrò sọ̀kalẹ̀ sí Los Angeles sọ pé òun rí ọkùnrin kan tí ó pọn ẹ̀rọ, ní nǹkan bí mítà 900 lókè ilẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn. Bí irú rẹ̀ bá kọlu ọkọ̀ òfúrufú ńkọ́? Ọlọ́pàá àgbà Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní FBI, wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò rí ẹnì kankan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 wọ́n sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ róbà afẹ́fẹ́ tí a ṣe bí ènìyàn.

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin onízemijan wa. Ó béèrè iye rẹ̀. Richard Browning, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ẹ̀wù tí ó ní ẹ̀rọ, ọ̀kan sí ẹ̀yìn, méjì méjì sí apá kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀pá ìdarí kankan. Apá rẹ̀ gan-an ni ìdarí. Bí ó bá na apá sísàlẹ̀, yóò gòkè. Bí ó bá là wọ́n sí ẹ̀gbẹ́, yóò sọ̀kalẹ̀. Ní 2018, ilé ìtajà kan ní London tà á ní 340,000 pọ́n-ùn. Èyí ju 200,000,000 sẹ́fà lọ. Mo ní kí ó kọ ọ́ sí ojú pátákó. Ó kọ ọ́, ó ka àwọn òdo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì padà lọ jókòó.

Ṣùgbọ́n ìyá aláàkàsà kò tí ì tẹ́ lọ́rùn. Ó ní kí ni wọ́n fi ń ṣe, yàtọ̀ sí kí èrò máa wò ó? Mo sọ ohun tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 fún un. Ní àwọn òkè Langdale, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ń fi ọkọ̀ òfúrufú gbé aláìsàn ní kí Browning dán an wò. Wọ́n ṣe bí ẹni pé ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá kan já bọ́ láti orí àpáta. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ gun òkè náà yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Browning dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 90.

Ìyá náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní: "Olùkọ́, bí ó bá jẹ́ aboyún ni, tí nọ́ọ̀sì sì fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣé ẹ̀rọ yìí lè gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn?"

Mo ní rárá. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń gbé, pẹ̀lú àpò oògùn díẹ̀. Ọkọ̀ ni yóò wá gbé aboyún.

Ó ní: "Ọ̀nà rẹ̀ ńkọ́?"